Orí Karùn-ún: Láti Ìrè-Èkìtì sí Oyè Ọ̀mọ̀wé nínú Ìmọ̀ Àjẹsára

Ẹni tó bá fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ àjẹsára sábà máa ń ti orí fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀. Á ra fọ́ọ̀mù, á máa sáré transcript kiri, ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá jọ tán ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ bi àwọn ojúlùmọ̀ pé kí ni kí òun ṣe ìwádìí lé lórí. Orí yìí yí ètò yẹn padà. Ìbéèrè la ó kọ́kọ́ wá, alábòójútó ló tẹ̀ lé e, fọ́ọ̀mù ló máa kẹ́yìn. Ọmọ Ìrè, Ọ̀yẹ́, Ìlúpéjú, Ìkọ̀lé, Ìdó àti agbègbè wọn ni mo ní lọ́kàn, pàápàá ẹni tó ti gboyè àkọ́kọ́ nínú máíkíróbáọ́lọ́jì, báíókẹ́mísírì, ìmọ̀ àyẹ̀wò láàbù tàbí ìṣègùn òyìnbó gan-an, tó sì ti rí àìsàn kan nínú ẹbí tàbí ládùúgbò tí kò sẹ́ni tó lè sọ orúkọ rẹ̀.

Mo yan àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà, nítorí ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti kọ́kọ́ bi ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù lọ nípa rẹ̀, a kò sì tíì dáhùn rẹ̀ tán.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ láti 1968

Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣọ́ ara. Wọ́n ń dá kòkòrò àrùn mọ̀, wọ́n ń pa á, wọ́n sì ń rántí rẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a ń gún fún ọmọdé fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, wọ́n á yíjú sí ara tó ni wọ́n, bí ajá ọdẹ tó bu ọmọ olówó rẹ̀ jẹ. Bó bá jẹ́ oríkèé ni wọ́n dojú kọ, ọmọ ìka á wú, á le gbagidi láàárọ̀, ẹni náà kò ní í lè ká ọwọ́ kò títí oòrùn yóò fi ga. Rheumatoid arthritis nìyẹn, èyí tí àwa ń kó pọ̀ mọ́ gbogbo làkúrègbé. Bó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlínì ni, ọmọdé á ní irú àtọ̀gbẹ tó jẹ́ pé láìsí abẹ́rẹ́ ínsúlínì, kò sí ẹ̀mí. Lupus ló le jù láti dá mọ̀ nínú wọn, torí kò mọ ààlà: ó ń bá awọ jà, ó ń bá irun, oríkèé, ẹ̀jẹ̀, ọkàn àti kíndìnrín jà. Obìnrin tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ló sì wọ́pọ̀ jù lára.

Ní 1965, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Brian Greenwood, wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn. Kò pẹ́ tó fi ṣàkíyèsí pé àwọn àìsàn wọ̀nyí, tí wọ́n wọ́pọ̀ ní ilé ìwòsàn tó ti wá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ní wọ́ọ̀dù Ìbàdàn. Ó tú ìwé ìtọ́jú àwọn tí wọ́n dá dúró sí UCH láti 1957 sí 1966. Ènìyàn 98,454 ni. Àwọn tí àìsàn irú èyí ṣe nínú wọn kò ju 104 lọ. Ó gbé èsì náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 1968, ó sì dá àbá kan: bóyá ibà àti aràn tó ń bá ọmọ wa láti kékeré ló ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì funfun ní sùúrù, tí wọn kì í fi í tètè kọjú ìjà sí ara.

Kò fi mọ sí àbá lásán. Àwọn eku láàbù kan wà tí lupus máa ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó o ràn wọ́n. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ibà eku sí wọn lára. Àìsàn náà kò le lára àwọn tó ní ibà bó ṣe le lára àwọn tí kò ní. Ìwé ìròyìn Nature gbé èyí jáde ní 1970. Lẹ́yìn náà ni Greenwood di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Zaria, ó lọ sí Gambia, ó sì di àgbà nínú ìwádìí ibà lágbàáyé. Ìbéèrè Ìbàdàn náà sì wà níbẹ̀.

Àwọn mìíràn gbà á ṣe. Ní 1993, àwọn olùwádìí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìbàdàn gbé iṣẹ́ kan jáde: wọ́n ti yẹ àgbàlagbà bíi 2,000 wò ní ìlú Yorùbá kan tó wà ní ìgbèríko, wọn kò sì rí ẹnì kan ṣoṣo tó ní rheumatoid arthritis. Adéwálé Adébájọ, ọmọ Yorùbá tó jẹ́ dókítà oríkèé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà nínú àwọn tó ṣe é. Wọ́n tún ti rí i pé irú àbùdá HLA-DR4 tó máa ń bá àìsàn náà rìn lára àwọn aláwọ̀ funfun kò wọ́pọ̀ lára wa.

Títí dé ibí yìí, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti parí: a kò ní í. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú. Ní 2001, èsì ìwádìí kan jáde láti London nípa lupus láàárín àwọn obìnrin tó ń gbé ibẹ̀. Nínú gbogbo 100,000 obìnrin, àwọn tó ní lupus jẹ́ 35 láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù, 110 láàárín àwọn tó ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wá, àti 177 láàárín àwọn ọmọ Karibíà tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀jẹ̀ kan náà nìyẹn, a kan gbé e kúrò nílé ni. Ṣé ibà tí kò sí ní London ló fà á ni, àbí dókítà tó mọ lupus ló pọ̀ níbẹ̀?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélọ́wọ̀ ní Èkó fi iṣẹ́ tirẹ̀ sọ́wọ́ kejì òṣùwọ̀n. Nígbà tó dá ilé ìtọ́jú oríkèé sílẹ̀, tí àwọn aláìsàn mọ ibi tí wọ́n ń lọ, lupus bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nínú èsì tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Oguntona, gbé jáde ní 2009, nínú aláìsàn 1,250 tí wọ́n rí, 66 ló ní lupus. Ọdún kejì rẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún kọ̀wé lórí àwọn aláìsàn rheumatoid arthritis 200 àkọ́kọ́ tí wọ́n rí. Àìsàn tí wọ́n sọ pé kò sí nílẹ̀ Yorùbá gan-an nìyẹn o.

Èrò tèmi ni pé òótọ́ wà lápá méjèèjì. Mo gbà pé Greenwood rí ohun gidi kan. Mo sì gbà pé àwọn obìnrin kan kú ní wọ́ọ̀dù lábẹ́ orúkọ ibà, tàífọ́ọ̀dù tàbí àrùn kíndìnrín nígbà tó jẹ́ lupus ló ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ìwọ̀n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi jóòótọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan lọ sí abúlé àti ìlú kéékèèké, lọ ka ènìyàn, lọ gba ẹ̀jẹ̀, lọ wo ibà àti aràn lẹ́ẹ̀kan náà. Àríwá Èkìtì yẹ fún iṣẹ́ yẹn. Ìgbèríko àti ìlú ńlá kò jìnnà síra wọn níbí. Ẹni tó dàgbà sí oko nítòsí Ìrè àti ẹni tó dàgbà sí Adó lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Ohun tí àyíká wa fi ń dẹ pańpẹ́ fún olùwádìí

Kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú àbá ìwádìí rẹ, mọ àyẹ̀wò tí gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé. ANA ni wọ́n ń pè é. O gba ẹ̀jẹ̀, o jẹ́ kó dì, o fi sẹntirífúùjì yí i, omi pupa rẹ́súrẹ́sú tó dúró lókè ni o fẹ́. O pò ó mọ́ èròjà olómi tí láàbù ń lò títí yóò fi di ọ̀kan nínú 80. O kán an sórí gíláàsì tí sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí wọ́n gbìn ní láàbù, HEp-2, ti wà lórí rẹ̀. O dúró bí ìdajì wákàtí, o fọ̀ ọ́, o kán èròjà kejì tó ní àwọ̀ tó ń tàn sí i, o tún dúró, o tún fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà o wọ yàrá òkùnkùn, o gbé e sábẹ́ máíkírósíkópù tó ní iná pàtàkì. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹni náà bá ní èròjà tó ń gbógun ti àárín sẹ́ẹ̀lì, wàá rí i tí àárín sẹ́ẹ̀lì náà ń tàn ní àwọ̀ ewé. Nígbà mìíràn gbogbo rẹ̀ á tàn dọ́gba. Nígbà mìíràn á máa tàn tótòtó.

Pańpẹ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹ̀jẹ̀ ẹni tí nǹkan kan kò ṣe náà lè tàn, bó bá jẹ́ pé ó ń gbé ibi tí ibà ti ń bá a léraléra. Greenwood àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀wé lórí àmì tótòtó yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Áfíríkà ní 1970. Nítorí náà, ANA nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di aláìsàn lupus ní Ìrè. Bí o bá mú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn láti Ìdó, tí o sì fi ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn tàbí nọ́ńbà inú ìwé òyìnbó wọ̀n ọ́n, iṣẹ́ rẹ ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ara wọn le, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú kan náà, ọjọ́ orí kan náà, tí a sì ti wo ibà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ní ọjọ́ kan náà, ni o gbọ́dọ̀ fi ṣe ìfiwéra. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá ka àbá rẹ máa wo ibẹ̀ yẹn ṣáájú ohunkóhun. Mo fẹ́ kí o ti múra sílẹ̀.

Èkejì ni awọ ara. Ìwé òyìnbó á ní ojú aláìsàn lupus máa ń pọ́n láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé èkejì lórí imú. Awọ wa kì í sábà pọ́n bẹ́ẹ̀. Ó lè dúdú sí i, ó lè dà bí àpá iná, ó lè fi ojú àpá funfun sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wá pupa yóò kọjá lára rẹ̀. Àwòrán láti ilé ìtọ́jú tiwa ni kí o fi kọ́ àwọn tó máa bá ọ ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò gbọdọ̀ ṣókùnkùn sí ọ pẹ̀lú. Omi ara ẹ̀jẹ̀ tí a ti yà sọ́tọ̀ lè dúró pẹ́ nínú fíríìsà tó tutù dé ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì funfun tó wà láàyè kò ní í dúró dè ọ́: láàárín ọjọ́ kan ló yẹ kí o ti yà á sọ́tọ̀. Bí ìbéèrè rẹ bá nílò sẹ́ẹ̀lì ààyè, o ní láti mọ ibi tí láàbù wà, ọkọ̀ tó máa gbé e, jẹnẹrétọ̀ tó máa gba iṣẹ́ bí iná bá lọ, àti ẹni tó máa ra dísù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ìwọ̀nyí sínú àbá rẹ̀ ti fi hàn pé òun mọ ibi tí òun ń gbé.

Yan ohun tí ọwọ́ rẹ ká

Ìbéèrè Greenwood tóbi ju oyè ọ̀mọ̀wé kan lọ. Gé ẹ̀ka kan níbẹ̀. O lè mú àwọn obìnrin tó ń lọ sí ilé ìtọ́jú kíndìnrín, kí o wo iye tó jẹ́ pé lupus ló wà nídìí àìsàn wọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. O lè mú àbùdá APOL1. Oríṣi méjì nínú rẹ̀, G1 àti G2, wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá, wọ́n sì ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́. Àwọn olùwádìí kọ̀wé lórí wọn ní 2010, ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá ará Ìbàdàn tó ti wà nínú iṣẹ́ ìwádìí àbùdá lágbàáyé sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n rí i. Kí ni APOL1 ń ṣe nínú kíndìnrín obìnrin Èkìtì tó ní lupus? Ìbéèrè gidi nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé ìmọ̀ sẹ́ẹ̀lì gan-an lo fẹ́ràn, àsìkò rẹ rèé. Ẹ̀bùn Nobel ti 2025 nínú ìmọ̀ ìṣègùn bọ́ sọ́wọ́ Mary Brunkow, Fred Ramsdell àti Shimon Sakaguchi. Ní 1995 ni Sakaguchi, ọmọ Japan, fi hàn pé oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dá àwọn yòókù lẹ́kun kí wọ́n má baà kọlu ara. Ní 2001 ni Brunkow àti Ramsdell rí àbùdá FOXP3. Àwọn sẹ́ẹ̀lì adánilẹ́kun yìí ni aràn inú ìfun máa ń ta jí láti lè fi wà láàyè nínú wa. Bí o bá bi mí, níbi tí iṣẹ́ Nobel yìí àti iṣẹ́ Ìbàdàn ti 1968 ti pàdé ni èmi yóò ti fi ọmọ Ìrè sí iṣẹ́: ka sẹ́ẹ̀lì adánilẹ́kun nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará oko tó ní aràn, kí o tún kà á lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lo oògùn aràn.

Alábòójútó

Fásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé láti 2011. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Adó ní fásítì ìpínlẹ̀ àti ti Afẹ́ Babalọlá. O lè ṣe máíkíróbáọ́lọ́jì tàbí báíókẹ́mísírì nítòsí ilé, kí o sì fi ìmọ̀ àjẹsára ṣe ọ̀nà tìrẹ nínú rẹ̀. Ìbàdàn ni ẹ̀ka ìmọ̀ àjẹsára ti dúró gedegbe, ibẹ̀ sì ni àwọn bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ganiyu Arinọlá ti ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n kí o tó san owó fọ́ọ̀mù níbikíbi, béèrè bóyá àjọ NUC ti fọwọ́ sí i kí wọ́n máa fúnni ní oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ náà gan-an, kì í ṣe oyè àkọ́kọ́ nìkan.

Alábòójútó kan kò tó fún irú iṣẹ́ yìí. Onímọ̀ àjẹsára lo nílò fún láàbù, dókítà oríkèé tàbí ti kíndìnrín lo nílò fún aláìsàn. Wá méjèèjì kí o tó gba fọ́ọ̀mù. Ka iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kọ láìpẹ́, wo láàbù tí wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò inú wọn. Bó bá jẹ́ pé gbogbo àyẹ̀wò rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ sókè òkun, o ti mọ ohun tó ń dúró dè ọ́.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Má kọ pé o ti fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì láti kékeré. Sọ ẹni tí o jẹ́ àti oyè tí o ní, sọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tí o kà àti ohun tí iṣẹ́ náà kò tíì dáhùn, sọ ìbéèrè tìrẹ ní gbólóhùn méjì, sọ ohun tí ọwọ́ rẹ ti mọ̀ ní láàbù, kí o wá béèrè bóyá ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún náà. Fi àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ rẹ sí i. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò fèsì, tún kọ lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ṣeé ṣe, lọ rí i lójúkojú. Kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́, ẹ kí ara yín tán, kí o wá gbé ìbéèrè rẹ kalẹ̀ láìbẹ̀rù. Ọ̀wọ̀ kò ní kí o má sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rò pé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìfiwéra níbí yìí kò dọ́gba.” Ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fẹ́ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí inú bá bí sí i, ó dára kí o ti mọ̀ kó tó di alábòójútó rẹ.

Ìwé tí wọ́n máa béèrè

Ní ilé, oyè másítáàsì ni ẹnu ọ̀nà, kì í sì í ṣe gbogbo másítáàsì. Èyí tí o ṣe fún ìmọ̀, tó ní ìwádìí àti ìwé àpilẹ̀kọ, ni wọ́n ń gbà. Ọ̀pọ̀ másítáàsì ti amọṣẹ́dunjú tí wọ́n ń ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀ kò gbé ènìyàn débẹ̀. Ọ̀pọ̀ fásítì ń béèrè máàkì tó tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí 3.5 nínú 5. Ìlànà tí Ìbàdàn ti ń lò tipẹ́ nìyí: 60 sókè, PhD tààrà; láti 55 dé 59.9, MPhil/PhD; láti 50 dé 54.9, MPhil. Ẹni tó ní HND ní láti gba ọ̀nà PGD àti másítáàsì kọjá. Ìwé mẹ́wàá náà kò gbẹ́yìn o: kírédíìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì wà nínú wọn. Mo ti rí ẹni tó ní másítáàsì tí wọ́n dá padà nítorí físíìsì.

Ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tàbí ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀, ìwé ẹ̀rí oyè, ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé ìyípadà orúkọ fún obìnrin tó ti lọ́kọ, gbogbo ìwọ̀nyí rọrùn. Transcript ni kò rọrùn. Ilé ẹ̀kọ́ tí o ti jáde ló máa fi í ránṣẹ́ tààrà sí èyí tí o ń lọ. Wọn kì í gba èyí tí o gbé lọ́wọ́. Bẹ̀rẹ̀ sí í lé e kí wọ́n tó ṣí fọ́ọ̀mù rárá, kí o sì máa pe ọ́fíìsì náà. Àwọn mẹ́ta tó máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ọ, ó kéré tán kí méjì jẹ́ olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ní láàbù. Bàbá ìjọ àti alága àdúgbò kò lè ṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ ta ààyè fún ọ, tó ní kí o sanwó sí àpò òun kí orúkọ rẹ lè jáde, sá fún un. Gbogbo owó ń lọ sí orí pọ́tàlì fásítì, ó sì máa ń ní rìsíìtì.

Òkè òkun yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ àjẹsára ń gba ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ nìkan fún oyè ọ̀mọ̀wé, wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún un ní owó oúnjẹ. O kì í ní alábòójútó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọdún kìíní ni wàá fi ṣiṣẹ́ ní láàbù mélòó kan kí o tó yan ọ̀kan. Wọ́n sábà máa ń ti fọ́ọ̀mù ní oṣù Kejìlá fún ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀, nítorí náà láti oṣù Kẹfà ló yẹ kí o ti wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti fi ìdánwò GRE sílẹ̀. Ka ìlànà ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ ìwádìí kan pàtó pẹ̀lú alábòójútó rẹ̀ ni wọ́n sábà ń polówó, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń gbà, wọ́n sì ń wo oyè àkọ́kọ́ tó dára dáadáa. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth wà fún èyí. Ẹni tó bá ti jẹ́ olùkọ́ ní fásítì ìjọba lè wo àjọ TETFund fún oyè tí a ń gbà nílé. Olùkọ́ ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ lè wo ètò CARTA. Má gbàgbé Legon ní Gánà, níbi tí ibùdó ìwádìí WACCBIP ti ń kọ́ àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti 2014.

Àwọn kan á ní kí o kúkú lọ ṣe gbogbo rẹ̀ lókè òkun. Mi ò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè rẹ bá jẹ́ ti ilé, rí i pé ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bọ̀ wá gbà ọ́ fọwọ́ sí i kí o lè padà wá gba ẹ̀jẹ̀ níbí, kí orúkọ àwọn dókítà Ìdó sì wà nínú ìwé tí ẹ bá kọ.

Kí o tó gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ ènìyàn nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ: ti ilé ìwòsàn tí o ti máa rí aláìsàn, ti fásítì rẹ, àti ti ìpínlẹ̀ bí o bá fẹ́ wọ ìlú. Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí èyí ti wà láti 2007. Fi oṣù mẹ́ta sí i nínú ètò rẹ.

Ní Ìrè, ààfin Onírè ni kí o kọ́kọ́ yà. Sọ ohun tí o fẹ́ ṣe fún kábíyèsí àti àwọn ìjòyè, kí o sì sọ ọ́ ní Èkìtì, kì í ṣe ní èdè ìwé. Lọ bá ìyálọ́jà, lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, lọ bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn yìí wà. Má ṣe fi ìgbà ọdún Ògún ní oṣù kẹjọ gba ẹ̀jẹ̀. Àwọn èèyàn ní ohun tí wọ́n ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni o kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ro ìròkurò nípa ẹ̀jẹ̀ tí àjèjì ń gbà ní ìlú Ògún.

Gbé igò kékeré náà dání kí wọ́n rí i. Sọ pé mílílítà márùn-ún ni, bí ẹ̀kún ṣíbí tíì kan. Sọ ohun tí o máa fi ṣe, ibi tó ń lọ, ọdún tó máa lò níbẹ̀, àti pé ẹni tó bá kọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ kò ní í yí padà. Lẹ́yìn náà, dákẹ́ kí wọ́n béèrè. Wọ́n á bi ọ́ pé, “Bí ẹ bá rí àìsàn lára mi ńkọ́?” Má lọ sí pápá láìní èsì sí èyí. Mọ orúkọ dókítà ní Ìdó tó máa gba ẹni náà wọlé, mọ ẹni tó máa san owó àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kọ ọ́ sínú ìnáwó ìwádìí rẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ kankan bá máa kọjá sí òkè òkun, àdéhùn lórí gbígbé e lọ gbọ́dọ̀ wà, tí ilé ìwòsàn àti láàbù tó ń gbà á ti fọwọ́ sí, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ àti lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ náà kí àpótí yìnyín tó kúrò ní Ìdó.